Tafàtafà Orí Igi

Ẹ̀gùn ni a ń pe ibi tí ọdẹ ilẹ̀ Yorùbá ti ń lúgọ de ẹran lórí igi. Bí ọdẹ bá rí igi tí èso rẹ̀ ń já bọ́, tí ó sì rí ipasẹ̀ ẹran ní abẹ́ rẹ̀, yóò to igi wẹ́wẹ́ sí àárín ẹ̀ka, yóò fi okùn dì wọ́n, yóò sì gun orí rẹ̀ lọ jókòó kí ilẹ̀ tó ṣú. Akọ̀pẹ, ní tirẹ̀, kò ní ẹ̀ka tí yóò to igi lé. Igbà ni ó fi ń yí ara rẹ̀ àti ọ̀pẹ ká. Ó ń fi ẹ̀yìn ti igbà, ó ń fi ẹsẹ̀ méjèèjì ti ara ọ̀pẹ, bí ó bá sì ti gbé ẹsẹ̀ ni ó ń ta igbà sókè. Iṣẹ́ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni méjèèjì lọ́dọ̀ wa. Ṣùgbọ́n láti nǹkan bí ogójì ọdún sẹ́yìn ni àwọn ọdẹ kan ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà ti da iṣẹ́ méjèèjì pọ̀. Okùn ni wọ́n fi ń di ara wọn mọ́ igi bí wọ́n ti ń gùn ún, inú ìgbànú gbòòrò tí ó so mọ́ okùn ni wọ́n ń jókòó sí, ọrun àti ọfà ni ó sì wà lọ́wọ́ wọn. Orúkọ tí wọ́n fún ìjókòó náà ni gàárì, bí ẹni pé ẹṣin ni igi. Ẹni tí ó bá kọ́kọ́ gbọ́ ọ lè rò pé eré àwọn ọlọ́rọ̀ ni. Ìtàn tí ó wà lẹ́yìn rẹ̀ jinlẹ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ, ohun tí ó sì mú mi lọ́kàn jù nínú rẹ̀ ni ìbéèrè yìí: ta ni ó kọ́ ta?

Ìbọn ni ó gba ọrun lọ́wọ́ ọdẹ níbi gbogbo. Nínú ìtàn tí Samuel Johnson kọ, ogun Òwu ti ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún kọkàndínlógún ni àwọn Ìjẹ̀bú ti lo ìbọn tí wọ́n rà láti etíkun, àwọn tí wọ́n dojú kọ kò sì ní irú rẹ̀. Láti ìgbà náà ni ọrun ti ń rẹ̀yìn nílẹ̀ wa, títí ó fi fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé ojúbọ Òṣóòsì nìkan ni a ti ń rí i, ní ilé níbí àti ní Brazil àti Cuba. Bákan náà ni ó rí ní Amẹ́ríkà. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún ogún, àwọn òyìnbó ibẹ̀ tí wọ́n ń ta ọfà ń ta á sí ojú àmì lásán fún ìgbádùn ni. Ìwọ̀nba díẹ̀ nínú wọn ni ó fi ń dẹ ẹran.

Ní òpin oṣù Ògọ́sítì ọdún 1911, wọ́n rí ọkùnrin kan ní ẹ̀gbẹ́ ilé ìpẹran kan nítòsí ìlú Oroville ní ìpínlẹ̀ California. Ebi ti hàn án léèmọ̀, ó ti fi iná jó irun orí rẹ̀ kúrú nítorí ọ̀fọ̀, kò sì sí ẹni tí ó gbọ́ èdè rẹ̀. Yahi ni ẹ̀yà rẹ̀. Àwọn òyìnbó tí wúrà gbé dé California lẹ́yìn ọdún 1848 ti pa àwọn ènìyàn rẹ̀ ní ìpakúpa, àwọn díẹ̀ tí ó ṣẹ́ kù sì sá pamọ́ sí àfonífojì olókùúta fún nǹkan bí ogójì ọdún, títí ó fi ku òun nìkan. Àwọn onímọ̀ ìjìnlẹ̀ méjì, Alfred Kroeber àti T. T. Waterman, ni wọ́n ṣètò bí wọ́n ṣe mú un wá sí ilé ìṣẹ̀ǹbáyé Yunifásítì California ní San Francisco, ibẹ̀ ni ó sì gbé títí ó fi kú. Kò bá àṣà wọn mu kí ènìyàn fi ẹnu ara rẹ̀ dá orúkọ ara rẹ̀ fún àlejò. Nítorí náà ni Kroeber ṣe pè é ní Ishi, èyí tí ó túmọ̀ sí ọkùnrin ní èdè rẹ̀. Orúkọ tí àwọn òbí rẹ̀ sọ ọ́ bá a wọ ilẹ̀.

Dókítà Saxton Pope, oníṣẹ́ abẹ ní ilé-ìwé ìṣègùn tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé ìṣẹ̀ǹbáyé náà, ni ó ń tọ́jú Ishi. Ìtọ́jú ni ó sọ wọ́n di ọ̀rẹ́, ọ̀rẹ́ ni ó sì sọ dókítà di ọmọ iṣẹ́. Ishi kọ́ ọ bí a ti ń gbẹ́ ọrun, bí a ti ń fi iṣan ẹran ṣe ọsán, bí a ti ń fi àfọ́kù ìgò ṣe orí ọfà. Ó fi ìka sí ẹnu, ó fà á bí ẹni mu ọmú, ehoro sì ń sáré bọ̀. Kí ó tó lọ sí oko ọdẹ, kò ní jẹ ẹja, kò ní fa tábà, yóò sì wẹ̀ nínú odò ní ìdájí kí òórùn ènìyàn má bàa ta sí ẹran nímú. Ọdẹ ilé wa kò nílò ògbufọ̀ láti lóye èyí. Ní oṣù Màáyù ọdún 1914, Ishi mú Pope àti àwọn onímọ̀ méjèèjì yìí padà lọ sí igbó àwọn baba rẹ̀ ní Deer Creek, ó sì fi ibi tí wọ́n gbé sá pamọ́ hàn wọ́n. Ọdún méjì lẹ́yìn náà, ní oṣù Máàṣì 1916, ikọ́ ife pa á.

Pope kọ ohun tí ó kọ́ sílẹ̀. Ní 1923 ni ìwé rẹ̀, Hunting with the Bow and Arrow, jáde, ìwé yìí ni ó sì dá ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọdẹ padà sídìí ọrun. Ní 1934 ìpínlẹ̀ Wisconsin ya àkókò kan sọ́tọ̀ fún àwọn tí ó fẹ́ fi ọfà dẹ àgbọ̀nrín, àwọn ìpínlẹ̀ mìíràn sì tẹ̀ lé e. Ní 1969 ọkùnrin ará Missouri kan, Holless Allen, gba ìwé àṣẹ lórí ọrun tí ó ní àgbá kéékèèké ní orí méjèèjì, tí agbára rẹ̀ pọ̀ ṣùgbọ́n tí fífà á dúró kò nira. Láti ìgbà náà ni olúkúlùkù ti lè di tafàtafà. Ṣáájú èyí, ní 1961, wọ́n ti dá ẹgbẹ́ kan sílẹ̀ tí ó ń ṣe àkọsílẹ̀ ẹran ńlá tí a fi ọfà pa. Pope and Young ni wọ́n sọ ọ́, ní ìrántí Pope àti Arthur Young tí wọ́n jọ ń dẹ̀gbẹ́. Orúkọ ọmọ iṣẹ́ wà níbẹ̀, ti ọ̀rẹ́ rẹ̀ wà níbẹ̀, ti ọ̀gá kò sí. N kò rí bí a ṣe lè pe èyí ní ìgbàgbé lásán.

Orí ilẹ̀ ni Pope ti kọ́ iṣẹ́ yìí lọ́dọ̀ Ishi. Ṣùgbọ́n ọfà kò rìn jìnnà bí ọta. Ẹni tí ó bá fẹ́ ta àgbọ̀nrín ní àtapa gbọ́dọ̀ súnmọ́ ọn tó nǹkan bí ogún sí ọgbọ̀n mítà, imú àgbọ̀nrín kò sì gbà bẹ́ẹ̀. Àwọn tafàtafà wá rí i pé òórùn ẹni tí ó wà lókè sábà máa ń gba orí ẹran kọjá. Ni wọ́n bá gun igi. Níbí ni kò ti sí olùkọ́. Wọ́n kan pákó mọ́ ẹ̀ka, wọ́n ra àga irin tí a ń so mọ́ igi, oorun ń gbé wọn lọ nínú òtútù ìdájí, ìṣó ń yọ, wọ́n sì ń já bọ́. Jíjábọ́ lórí igi di ọ̀kan lára ohun tí ó ń ṣe ọdẹ Amẹ́ríkà ní jàǹbá jù lọ. Ẹlòmíràn fi okùn di àyà kí ó má bàa já bọ́. Ẹsẹ̀ yọ̀, okùn gbé e kọ́, okùn kan náà sì fún un ní èémí pa.

Ọ̀dọ̀ àwọn tí kì í ṣe ọdẹ ni ọgbọ́n ti wá: àwọn tí ń gun òpó wáyà, àwọn tí ń gé ẹ̀ka igi, àti àwọn agùnkè. Ìgbànú gbòòrò tí ó gba ìdí àti itan mọ́ra ni gàárì, ìwúwo ara kò sì sí lórí àyà mọ́. Okùn méjì ni ó ń bá a rìn. Èkínní ni igbà gan-an, ó yí igi ká láti ìbàdí dé ìbàdí bí ọdẹ ti ń tẹ àtẹ̀gùn kéékèèké tí ó so mọ́ igi. Èkejì ni ó ń dì mọ́ igi lókè orí nígbà tí ó bá dé ibi tí yóò jókòó. Kókó tí Karl Prusik, agùnkè ará Austria, fi han ayé ní 1931 ni ọ̀pọ̀ ń ta sí i: bí kò bá sí ẹrù lórí rẹ̀, ó ń yọ̀, bí ẹrù bá ti wà lórí rẹ̀, ó dì gbọin. A kì í tú èkínní kí èkejì tó gba ara dúró. Ọdẹ kọjú sí igi, ó fi ẹsẹ̀ tì í, ó sì fi igi náà ṣe asà láàárín òun àti ẹran.

Èyí gba kíkọ́, n kò sì rò pé akọ̀pẹ kan yóò yà á lẹ́nu. Ibi tí kò ga ju orúnkún lọ ni a ti ń bẹ̀rẹ̀, ní ọ̀sán, pẹ̀lú ẹnìkan nítòsí. Níbẹ̀ ni ọmọ iṣẹ́ yóò ti mọ̀ pé bí okùn òkè kò bá wà ní ìwọ̀n tí ó yẹ, gàárì lè máa fún un ní ìbàdí, àti pé ara tí kò bá fọkàn tán okùn kò lè dúró jẹ́ẹ́. Yóò kọ́ bí a ti ń ta sí ọwọ́ òsì, èyí tí ó rọrùn fún ẹni tí ń fi ọwọ́ ọ̀tún fa ọsán, kí ó tó kọ́ bí a ti ń yí ara po, tí a ń gbé ọrun gba abẹ́ okùn kọjá, láti ta sí ọwọ́ ọ̀tún. Yóò tún un ṣe ní òkùnkùn, nítorí pé ìdájí ni yóò gun igi ní ọjọ́ tí ó bá lọ sóko ọdẹ. Lẹ́yìn èyí ni yóò tó fi ẹsẹ̀ kan sókè sí i.