Okùn Tí Ó So Ọ̀gá Mọ́ Ọmọ-iṣẹ́: Ìtàn Àkóso Òṣìṣẹ́ ní Ilé-iṣẹ́ Kékeré Nílẹ̀ Yorùbá

Ẹni tí ó ní ilé-iṣẹ́ ńlá lè fi owó oṣù nìkan wá òṣìṣẹ́. Bí ọ̀kan bá lọ, òmíràn yóò rọ́pò rẹ̀. Kò rí bẹ́ẹ̀ fún ahunṣọ tí ó ní òfì mẹ́ta péré, tàbí fún káfíńtà tí ó ní ìsọ̀ kan ṣoṣo. Bí ọmọ-iṣẹ́ kan bá fi í sílẹ̀, iṣẹ́ fẹ́rẹ̀ẹ́ dúró. Bí ó bá sì kọ́ ọmọ náà ní iṣẹ́ yanjú, ó ti sọ ọ́ di ẹni tí ó lè bá a du oníbàárà lọ́la. Báwo, nígbà náà, ni ẹni tí owó rẹ̀ kò pọ̀ ṣe ń kó ọwọ́ iṣẹ́ jọ, tí ó sì ń kọ́ wọn, tí wọn kò fi ní tètè sá lọ? Okùn mẹ́ta ni àwọn Yorùbá ti fi so ọ̀gá mọ́ ọmọ-iṣẹ́: okùn ẹ̀jẹ̀, okùn gbèsè àti okùn àdéhùn. Òṣùwọ̀n kan ni a lè fi wọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta: ǹjẹ́ ẹni tí ń ṣiṣẹ́ rí ọjọ́ tí iṣẹ́ ìsìn rẹ̀ yóò parí?

Okùn ẹ̀jẹ̀ ni àgbà nínú wọn. Ní Ìsẹ́yìn àti ní Ìlọrin, agbo ilé ni ó ni iṣẹ́ aṣọ híhun. Bẹ́ẹ̀ ni iṣẹ́ àgbẹ̀dẹ àti ọnà gbígbẹ́ ṣe rí ní ọ̀pọ̀ ìlú. P. C. Lloyd, nínú àròkọ tí ó tẹ̀ jáde ní 1953 lórí ètò àwọn oníṣẹ́-ọwọ́ ní ìlú Yorùbá, fi hàn bí ìdílé ti jẹ́ ìpìlẹ̀ irú ètò bẹ́ẹ̀. Bàbá ni ọ̀gá, ọmọ ni ọmọ-iṣẹ́. Ọmọ kì í gba owó ọ̀yà, ṣùgbọ́n bàbá ni yóò bọ́ ọ, òun náà ni yóò sì fẹ́ ìyàwó fún un. Bí ó bá ti di onílé tirẹ̀, yóò bẹ̀rẹ̀ sí í ṣiṣẹ́ fún ara rẹ̀. Ọjọ́ ìparí wà, gbogbo ilé ni ó sì mọ̀ ọ́n. Àbùkù ètò náà ni pé iye ọmọ tí a bí ni iye ọwọ́ tí a ní, a kò sì lè lé ọmọ ẹni nítorí pé ó ya ọ̀lẹ.

Níbi tí ọmọ kò bá tó, gbèsè ni ọ̀pọ̀ ènìyàn fi ń wá ọwọ́ kún ọwọ́. Samuel Johnson, tí ó parí ìwé ìtàn Yorùbá rẹ̀ ní 1897, tí a kò sì tẹ̀ ẹ́ títí di 1921, ṣe àlàyé pé ìwọ̀fà kì í ṣe ẹrú. Ọmọ ìlú ni. Olówó rẹ̀ kò lè tà á. Owó ni ó yá, iṣẹ́ ni ó sì fi ń san èlé. Àgbàlagbà a máa gbé ilé ara rẹ̀, a sì máa lọ sí oko olówó ní àkókò tí wọ́n jọ fẹnu kò sí; ọmọdé tí òbí fi sọfà ni ó ń bá olówó gbé. Lójú olówó, ètò yìí dára, nítorí òṣìṣẹ́ dé láìsí ọ̀yà, owó rẹ̀ kò sì dín. Ṣùgbọ́n ibi tí ó ti burú náà nìyẹn. Bí ìwọ̀fà ṣiṣẹ́ ọdún kan, bí ó sì ṣiṣẹ́ ogún ọdún, iye tí ó yá kò yẹ̀. Ibòmíràn ni owó ìràpadà ti gbọ́dọ̀ wá. Ẹni tí ó tẹpá mọ́ṣẹ́ àti ẹni tí ó ń fẹsẹ̀ wọ́lẹ̀, ọgbọọgba ni wọ́n. Kí ni yóò wá mú ìwọ̀fà yára?

Nígbà tí Àjọ Ìparapọ̀ Àwọn Orílẹ̀-èdè ṣe àdéhùn àfikún ní Geneva ní 1956 láti fòpin sí oko-ẹrú àti àwọn àṣà tí ó jọ ọ́, irú ìsọfà tí ó dá lẹ́bi ni èyí tí iṣẹ́ kò ti dín gbèsè kù, tàbí tí kò ní gbèdéke. Àléébù tí ó wà nínú ìwọ̀fà gan-an ni àdéhùn náà tọ́ka sí.

Okùn kẹta gbilẹ̀ nígbà tí iṣẹ́ tuntun dé, èyí tí agbo ilé kankan kò jogún. Ní Èkó, àwọn Àgùdà tí wọ́n ti Brazil bọ̀ mú iṣẹ́ bíríkìlà àti káfíńtà wá. Nígbà tí a ṣí mọ́ṣáláṣí Shitta-Bey ní 1894, João Baptista da Costa ni ó ti darí iṣẹ́ náà, Sanusi Aka sì bá a ṣe é. Lẹ́yìn náà ni iṣẹ́ télọ̀, fọ́tò yíyà àti àtúnṣe mọ́tò tẹ̀ lé e. Kò sí ibi tí a ti lè rí agbo ilé mẹkáníìkì. Nítorí náà ọmọ ẹlòmíràn ni ọ̀gá gbọ́dọ̀ gbà. Òbí yóò mú ọmọ wá, onígbọ̀wọ́ yóò dúró fún un, wọn yóò kọ iye ọdún sínú ìwé. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ akèrègbè: ọ̀gá ń gba iṣẹ́, ọmọ ń gba ìmọ̀. Ní ọjọ́ òmìnira, wọn yóò jẹ, wọn yóò mu, ọ̀gá yóò súre fún un níwájú àwọn ẹgbẹ́ oníṣẹ́.

Ohun tí ó mú kí ètò yìí yàtọ̀ sí ìwọ̀fà nìyí: inú iṣẹ́ fúnra rẹ̀ ni ìdásílẹ̀ wà. Ọjọ́ kọ̀ọ̀kan tí ọmọ bá lò ń dín ìsìn rẹ̀ kù. Ọ̀gá mọ̀ pé yóò lọ, nítorí náà ó ń gba òmíràn kí ti àkọ́kọ́ tó kúrò. Àgbà ọmọ-iṣẹ́ ni ó sì ń kọ́ àbúrò.

Ètò yìí rí ìdánwò. Nígbà tí Ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ní January 1955, àwọn tí wọ́n jáde lẹ́yìn ọdún díẹ̀ pọ̀ ju iṣẹ́ ọ́fíìsì lọ, ọ̀pọ̀ sì yà sí ìsọ̀ àwọn oníṣẹ́-ọwọ́. Ní 1964, Archibald Callaway kọ̀wé pé ẹ̀kọ́ṣẹ́ yìí jẹ́ ètò ẹ̀kọ́ tí ó ti inú ìlú fúnra rẹ̀ jáde. Nígbà tí àjọ ìjọba àpapọ̀ tí ń rí sí ìpèsè iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1987, ọ̀dọ̀ irú àwọn ọ̀gá bẹ́ẹ̀ ni òun náà fi àwọn ọ̀dọ́ sí.

Síbẹ̀, ọ̀gá wà tí ń fa ọdún gùn, tí ń fi ọmọ ṣe apọnmi àti olùtọ́jú ọmọ, tí kì í jẹ́ kí ó fọwọ́ kan ohun tí ó wá kọ́. Irú ọ̀gá bẹ́ẹ̀ ti sọ ọmọ-ẹ̀kọ́ṣẹ́ di ìwọ̀fà láìyá a lówó. Nígbà tí ọ̀kadà sì gbòde láti ìparí àwọn ọdún 1980, owó ojúmọ́ fa ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ lọ. Àwọn àgbà ní àìnísùúrù ni. Òótọ́ wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo rẹ̀. Ogún ọdún ń bọ̀ wá ku ọ̀la, bí a bá mọ ọjọ́ tí a ń kà. Ẹni tí kò mọ ọjọ́ tí a óò dá a sílẹ̀ ni kò ní ohun tí yóò fi sùúrù dúró dè.

Ọ̀gá tí ó kọ ọjọ́ òmìnira sílẹ̀, tí kò sì yẹ̀ ẹ́, yóò pàdánù òṣìṣẹ́ kan lọ́jọ́ náà. Ṣùgbọ́n nínú àwọn òbí tí wọ́n wá síbi àsè òmìnira ni yóò ti rí ẹni tí yóò mú ọmọ tirẹ̀ wá.