Rírà Ẹṣin Lẹ́yìn Àyẹ̀wò Dókítà Ẹranko

Àyẹ̀wò ṣáájú rírà ni àyẹ̀wò tí dókítà ẹranko ń ṣe fún ẹṣin nígbà tí olùrà àti olùtà ti fẹnu kò lórí iye owó, ṣùgbọ́n tí owó kò tíì bọ́ sọ́wọ́ olùtà. Lẹ́yìn rẹ̀ ni olùrà yóò gba ìwé àbájáde. Àlàyé yìí dá lórí ohun tí ó yẹ kí olùrà ṣe nígbà tí ìwé náà bá ti tẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́. A kọ ọ́ ní pàtàkì fún ẹ̀yin olùgbé Kúta, Ilé-Ogbó, Ìwó àti agbègbè wọn, níbi tí a ti ń lo ẹṣin fún ayẹyẹ ju fún iṣẹ́ lọ, tí a sì ń mú púpọ̀ nínú wọn wá láti Ìlọrin tàbí láti òkè Ọya.

Ìdí tí ẹṣin fi gba ìṣọ́ra nílẹ̀ wa

Àwọn baba wa mọ̀ pé ẹṣin níyì, wọ́n sì mọ̀ pé kì í rọrùn fún un láti pẹ́ nílẹ̀ igbó. Ọ̀yọ́ Ilé fi ẹlẹ́ṣin jagun títí ó fi jọba lórí ilẹ̀ tó gbòòrò, síbẹ̀ láti ìhà àríwá ni ó ti ń ra púpọ̀ nínú ẹṣin rẹ̀. Nígbà tí ogun Ìbàdàn ṣẹ́gun ogun Ìlọrin ní Òṣogbo ní nǹkan bí ọdún 1840, ẹṣin tí Ìlọrin gbójú lé kò gbà wọ́n.

Eṣinṣin tsetse jẹ́ ọ̀kan pàtàkì nínú ohun tó ń dá ẹṣin lóró níhìn-ín. Etí odò àti abẹ́ igi tó ṣíji ni ó ń gbé. Bí ó bá ti ń mu ẹ̀jẹ̀ ẹran ni ó ń fi kòkòrò àìfojúrí kan sínú rẹ̀. Ẹṣin tó bá kó o yóò máa rù bó tilẹ̀ ń jẹun, ibà yóò máa wá, yóò máa lọ, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ yóò sì máa dínkù. Kúta àti Ìwó wà ní ibi tí igbó ti ń di ọ̀dàn, nítorí náà ẹṣin tí ó ti ilẹ̀ gbígbẹ wá yóò bá ewu tí ara rẹ̀ kò mọ̀ pàdé. Àìsàn mìíràn tún wà tí a mọ̀ sí àìsàn ẹṣin ilẹ̀ Áfíríkà, èyí tí àwọn kòkòrò tín-ín-tìn-ìn-tín tó ń jẹ ẹran ní ìrọ̀lẹ́ àti òru ń tàn kálẹ̀. Ó lè pa ẹṣin láàárín ọjọ́ díẹ̀.

Ohun tí dókítà ń wò

Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ìpele márùn-ún ni wọ́n pín àyẹ̀wò yìí sí. Dókítà yóò kọ́kọ́ yẹ ara ẹṣin wò níbi tó dúró sí: ojú, eyín, ọkàn, ẹ̀dọ̀fóró, awọ, ẹsẹ̀ àti pátákò. Wọn yóò mú un rìn, wọn yóò mú un sáré díẹ̀. Ẹnì kan yóò gùn ún títí yóò fi mí hẹlẹhẹlẹ, a ó jẹ́ kí ó sinmi, a ó sì tún mú un sáré láti mọ̀ bóyá ìsinmi náà mú ẹsẹ̀ rẹ̀ le. Kì í ṣe gbogbo dókítà nílẹ̀ wa ló ń tẹ̀ lé ìpele wọ̀nyí lẹ́sẹẹsẹ. Ẹ béèrè èyí tó ṣe àti èyí tí kò ṣe, kí ẹ má bàa rò pé ohun tí kò sí nínú ìwé ni ohun tí kò ṣe ẹṣin náà.

Ọkàn ẹṣin àgbà tó wà ní ìsinmi máa ń lù ní nǹkan bí ìgbà 28 sí 44 ní ìṣẹ́jú kan, ó sì ń mí ní ìgbà 8 sí 16. Ní ti ọjọ́ orí, eyín iwájú rẹ̀ yóò ti pé tán ní nǹkan bí ọdún márùn-ún. Ní nǹkan bí ọdún mẹ́wàá ni ìlà kan máa ń bẹ̀rẹ̀ sí í hàn lára eyín igun òkè, yóò dé ìdajì eyín náà ní nǹkan bí ọdún 15. Alágbàtà tó bá pe ẹṣin ní ọlọ́dún mẹ́fà tí ìlà yìí sì ti gùn lẹ́nu rẹ̀ kò sọ òótọ́, tàbí kí òun náà má mọ̀.

Kí dókítà náà jẹ́ ẹni tí ó forúkọ sílẹ̀ lábẹ́ Ìgbìmọ̀ Dókítà Ẹranko Nàìjíríà, kí ó sì jẹ́ pé ẹ̀yin ni ẹ bẹ̀ ẹ́ níṣẹ́. Ẹni tó ń tọ́jú ẹran olùtà láti ọdún mẹ́ta kò lè sin ọ̀gá méjì.

Bí a ṣe ń ka ìwé àbájáde

Ohun tí ó ń ṣi ọ̀pọ̀ ènìyàn lọ́nà ni pé wọ́n ń ka ìwé náà bí èsì ìdánwò ilé ìwé: ó yege tàbí kò yege. Dókítà kì í ṣe adájọ́. Ó ń sọ ohun tí ó rí lọ́jọ́ náà àti ohun tí ó rò pé ó lè ti ibẹ̀ yọ, ní ìfiwéra pẹ̀lú iṣẹ́ tí ẹ ní ẹ fẹ́ fi ẹṣin ṣe. Bí ẹ kò bá sọ iṣẹ́ náà fún un, ìdajì àyẹ̀wò ti bọ́ lọ́wọ́ yín. Kò sí ẹṣin tí ara rẹ̀ mọ́ pátápátá, pàápàá èyí tó ti jẹ́ gígùn fún ọdún mélòó kan.

Ẹ jẹ́ kí a fi àpẹẹrẹ wò ó. Ká ní ìdílé kan ní Kúta fẹ́ ra akọ ẹṣin ọlọ́dún mẹ́jọ tí olórí ẹbí yóò máa gùn lọ́jọ́ ọdún àti lọ́jọ́ ìwúyè, tí àwọn ọmọ yóò sì máa gùn nígbà mìíràn. Ìwé dé, ó ní: ọkàn àti ojú dára; àpá àtijọ́ wà ní èjìká; pátákò ti gùn jù, ó sì ti là díẹ̀; nígbà tí a ká ẹsẹ̀ iwájú òsì mọ́ra fún ìṣẹ́jú kan tí a sì mú un sáré, ó tiro ní ìṣísẹ̀ bíi mẹ́fà kí ó tó rìn gaara; ìwọ̀n ẹ̀jẹ̀ pupa rẹ̀ jẹ́ 22 nínú 100.

Ojú àpá èjìká ni ó kọ́kọ́ máa ń dun olùrà, nítorí pé òun ni gbogbo ènìyàn yóò rí nínú fọ́tò. Kò já mọ́ nǹkan kan. Pátákò tó gùn jẹ́ àmì pé wọn kò tọ́jú rẹ̀ dáadáa, ó sì ṣeé tún ṣe bí ẹni tó mọ̀ ọ́n gé bá ń gé e ní ọ̀sẹ̀ mẹ́fà sí mẹ́jọ.

Ti ẹsẹ̀ tó tiro gba ìrònú. Fún ẹṣin tí yóò máa rìn jẹ́jẹ́ láàárín ìlú ní ìgbà mélòó kan lọ́dún, ó lè má dí iṣẹ́ lọ́wọ́. Fún ẹṣin eré sísá, ọ̀rọ̀ ńlá ni. Ẹ wo ìwọ̀n ẹni tí yóò gùn ún pẹ̀lú. A máa ń gbà pé kí ẹrù ẹ̀yìn ẹṣin, gàárì mọ́ ọn, má ju ìdá márùn-ún ìwọ̀n ara rẹ̀ lọ. Ẹṣin tó wọn kílò 300 kò yẹ kí ó ru ju nǹkan bí kílò 60. Bí olórí ẹbí bá jẹ́ ẹni tó tóbi, tó tún wọ agbádá àrán sórí gàárì onírin, oríkèé tó ti ń ráhùn lónìí yóò ké lọ́la. Ẹ bi dókítà bóyá a nílò àwòrán eegun, kí ẹ sì fi owó rẹ̀ wé iye tí ẹ fẹ́ ra ẹṣin.

Ti ẹ̀jẹ̀ ni kí ẹ dúró lé. Ìwọ̀n náà sábà máa ń wà láàárín nǹkan bí 30 sí 45 lára ẹṣin tó dá ṣáṣá. Aràn inú lè fà á wálẹ̀, eégbọn lè fà á, kòkòrò inú ẹ̀jẹ̀ tí eṣinṣin tsetse ń gbé kiri sì lè fà á. Dókítà ní láti wo ẹ̀jẹ̀ náà lábẹ́ ẹ̀rọ amúnǹkan-tóbi kí a tó mọ èyí tó jẹ́. Bí ẹ bá gbé ẹṣin tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ti lọ sílẹ̀ tó báyìí sínú ọkọ̀ ẹrù, tí ó dúró láti Ìlọrin dé Kúta nínú oòrùn, kí ẹ má yà á ní kàyéfì bí ó bá wó lulẹ̀ kí ọ̀sẹ̀ tó pé. Èrò tiwa ni pé kí ìdílé yìí má sanwó lọ́jọ́ náà. Kí olùtà tọ́jú ẹṣin náà, kí dókítà yín tún gba ẹ̀jẹ̀ lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tàbí mẹ́rin. Bí ìwọ̀n bá gòkè tí kòkòrò kò sì sí, kí wọ́n tún iye owó dá, nítorí pátákò àti ẹsẹ̀. Bí olùtà bá kọ̀, èsì ti wà nínú kíkọ̀ rẹ̀.

Ohun kan tún wà tí ìwé dókítà kì í sọ: bóyá ẹṣin náà lè fara da ìlù. Ẹṣin tó rọ̀ bí àdàbà nínú ọgbà olùtà lè di ẹranko mìíràn nígbà tí dùndún bá bẹ̀rẹ̀ tí àwọn ọdẹ sì yìnbọn sókè. Ẹ mú onílù kan lọ. Ẹ jẹ́ kí ẹni tó ń gùn ún lójoojúmọ́ gùn ún kọjá níwájú ìlù kí ẹnikẹ́ni nínú yín tó gùn ún, kí ẹ má sì gbé ọmọdé lé e lọ́jọ́ náà.

Ìgbà tí ó yẹ kí a fi í sílẹ̀

Ẹ fi í sílẹ̀ bí ó bá ń tiro níbi tó ti ń rìn lásán, bí ojú rẹ̀ kan kò bá ríran tí ọmọdé sì wà lára àwọn tí yóò gùn ún, bí ó bá ń wúkọ́ tí ó sì ń mí tagbáratagbára láìṣiṣẹ́, tàbí bí olùtà kò bá gbà kí a gba ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Òògùn apàrora wà tí ń bo ìrora ẹsẹ̀ mọ́lẹ̀ fún ọjọ́ mélòó kan. Nítorí rẹ̀ ni wọ́n ṣe ń gba ẹ̀jẹ̀ pamọ́ fún oṣù mẹ́fà lẹ́yìn àyẹ̀wò ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, kí a lè yẹ̀ ẹ́ wò bí ìjà bá dé.

Lójú tiwa, ohun tó ń mú ènìyàn ra ẹṣin tí dókítà ti kìlọ̀ lé lórí kì í sábà jẹ́ àìmọ̀. Ìtìjú ni. A ti sọ fún ará ilé pé ẹṣin ń bọ̀, a ti san owó àsansílẹ̀, a ti wọkọ̀ lọ lẹ́ẹ̀mejì, ọdún sì ku ọ̀sẹ̀ kan. Owó àyẹ̀wò tí ẹ san tí ẹ kò sì ra ẹṣin kò ṣòfò. Ohun tí ẹ fi rà ni gbogbo owó tí kò bọ́ sọ́nù. Màlúù tí ẹsẹ̀ ń dùn ní ọjà kárà Ìwó ṣì níye lórí lọ́dọ̀ alápatà. Ẹṣin tó yarọ kò ní olùrà, bẹ́ẹ̀ ni yóò máa jẹun lójoojúmọ́, yóò sì máa mu omi tó tó lítà 20 sí 40. Ó sì lè lo ogún ọdún àti jù bẹ́ẹ̀ lọ láyé.

Bí ẹ bá rà á

Ẹ kọ àdéhùn sílẹ̀, kí iye owó, ọjọ́ orí, àwọ̀ àti àmì ara ẹṣin, àti ohun tí olùtà sọ nípa ìlera rẹ̀ wà nínú rẹ̀. Ẹ gba ìwé ẹ̀rí owó. Nígbà tí ó bá dé, ẹ yà á sọ́tọ̀ kúrò lọ́dọ̀ ẹṣin àti kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ mìíràn fún ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́ta. Òtútù ẹṣin tó jà ní apá àríwá Nàìjíríà ní ọdún 2019 fi hàn bí àìsàn ṣe ń bá ẹran rìn. Ẹ jẹ́ kí dókítà fún un ní abẹ́rẹ́ àjẹsára tẹ́táńọ́ọ̀sì, nítorí pé ẹṣin tètè ń kó o láti ojú ọgbẹ́ kékeré. Ẹ so ó jìnnà sí etí odò, kí ẹ sì ta àpò ẹ̀fọn sí ẹnu ilé rẹ̀ láti ìrọ̀lẹ́.

Ẹ má ṣe gún un ní òògùn màlúù láìbéèrè. Ẹ má sì fún un ní oúnjẹ adìyẹ. Òògùn kan tí à ń pè ní monensin, tí a máa ń pò mọ́ irú oúnjẹ bẹ́ẹ̀, kì í ṣe adìyẹ ní nǹkan, ṣùgbọ́n díẹ̀ nínú rẹ̀ lè ba ọkàn ẹṣin jẹ́, kí ó sì pa á.

Fún ìtọ́sọ́nà, ẹ lè lọ sí ẹ̀ka iṣẹ́ àgbẹ̀ ní ìjọba ìbílẹ̀ Ayédire ní Ilé-Ogbó, tàbí sí ilé iṣẹ́ ìjọba tó ń rí sí ètò ọ̀gbìn ní Òṣogbo. Fún àyẹ̀wò tó gba ẹ̀rọ, ilé ìwòsàn ẹranko ti Yunifásítì Ìbàdàn kò jìnnà sí Kúta.