Àríwísí: Kí Ni Ìtumọ̀ Rẹ̀?

Ọ̀pọ̀ ènìyàn ka àríwísí sí ìbanilórúkọjẹ́, ṣùgbọ́n ìṣẹ̀dá ọ̀rọ̀ náà kò gbè wọ́n. “Rí” ló ṣáájú, “wí” ló tẹ̀ lé e: ẹni tí kò bá tíì rí nǹkan dáadáa kò lẹ́tọ̀ọ́ láti wí nǹkan kan sí i. Ẹ wo eré Gẹ̀lẹ̀dẹ́ ilẹ̀ Yewa, èyí tí UNESCO kọ sínú àkọsílẹ̀ àjogúnbá aráyé lọ́dún 2008. Lóru Ẹ̀fẹ̀, ìyẹn apá òru nínú eré náà, bí òǹwòran ṣe ń tẹ́tí sí orin ló ń wo igi gbígbẹ́ àti aṣọ eléré. Bó ṣe yẹ ká ka ìwé tí ènìyàn kọ nípa ara rẹ̀ nìyẹn: ká yẹ ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ wò, ká sì wo bí ó ṣe tò ó.

Àwọn kan á ní ọ̀rọ̀ ara ẹni kì í ṣe ohun tí ará ìta ń dá sí. Lóòótọ́, ìgbé ayé òǹkọ̀wé kò kàn wá, ṣùgbọ́n ohun tó bá ti gbé síta fún kíkà ti di ìran. Bí ó bá kọ “oko” láìsí àmì kankan níbi gbogbo, ta ni yóò mọ̀ bóyá oko àgbẹ̀, ọkọ ìyàwó, ọkọ́ ìroko tàbí ọkọ̀ ló ń wí? Ẹni tó ní “ìwé yìí kò dára” kò tíì ṣe àríwísí. Ẹni tó tọ́ka sí ọ̀rọ̀ náà, tó sì sọ àmì tó yẹ ẹ́, ló ṣe é, òun ló sì bọ̀wọ̀ fún òǹkọ̀wé jù.