Láti Orí Pápá Dé Ẹnu Iṣẹ́

Púpọ̀ nínú àwa akẹ́kọ̀ọ́ ló ka eré ìdárayá sí ohun tí a fi ń najú lẹ́yìn iṣẹ́ ìwé. Àwọn òbí wa kò tilẹ̀ fẹ́ gbọ́ ọ sétí. Lójú tiwọn, ọmọ tó bá ń lé bọ́ọ̀lù kiri ti pa ìwé tì nìyẹn. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá fara balẹ̀ wo ìtàn ìlú Zaria tí a wà yìí yóò rí i pé ọ̀rọ̀ náà kò rí bẹ́ẹ̀.

Ní 1921 ni ìjọba Gẹ̀ẹ́sì dá kọ́lẹ́ẹ̀jì kan sílẹ̀ ní Katsina. Ilé-ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́ ni, gẹ́gẹ́ bí tiwa. A gbé e lọ sí Kaduna ní 1938, ó sì dé Zaria ní 1949. Òun ni à ń pè ní Barewa College lónìí. Eré ìdárayá jẹ́ ara ẹ̀kọ́ níbẹ̀. Wọ́n ń gbá kríkẹ́ẹ̀tì, wọ́n sì ń ṣe eré kan tí Òyìnbó ń pè ní fives, nínú èyí tí a ti ń fi ọwọ́ tí a wọ ìbọ̀wọ́ sí gbá bọ́ọ̀lù kékeré mọ́ ògiri. Ohun tó wú mi lórí nínú eré yìí ni pé àwọn tó ń ṣe é ló ń dá ara wọn lẹ́jọ́. Kò sí ẹni tí yóò fọn fèrè; ẹni tó bá ṣẹ̀ ni yóò fi ẹnu ara rẹ̀ jẹ́wọ́. Ahmadu Bello fẹ́ràn eré náà púpọ̀. Nígbà tó jáde ní 1931, iṣẹ́ olùkọ́ ló kọ́kọ́ ṣe ní Ṣókótó, kí ó tó di Olórí Ìjọba Àríwá ní 1954.

Yakubu Gowon náà wà ní Barewa láti 1950 títí di 1953. Ó sáré, ó kan ẹ̀ṣẹ́, ó sì ṣọ́ gọ́ọ̀lù. Ní 1954 ó wọ iṣẹ́ ológun. Bóyá ó ṣe kòńgẹ́ ni o, àmọ́ nígbà ìjọba rẹ̀, ní 1973, ni Ìdíje Gbogbo Ilẹ̀ Áfíríkà wáyé ní Èkó.

Síbẹ̀, ẹni tí mo fẹ́ràn jù láti tọ́ka sí ni Ṣẹ́gun Ọdẹ́gbàmí. Jos ló ti dàgbà, nítorí náà àwa ará òkè ọya pẹ̀lú ní ìpín nínú rẹ̀. Ó kọ́ ìmọ̀ ẹ̀rọ ní Pólì Ìbàdàn, ó sì ń gbá bọ́ọ̀lù fún Shooting Stars. Ní 1976 ẹgbẹ́ náà gba ife-ẹ̀yẹ Áfíríkà, èyí tí ẹgbẹ́ Nàìjíríà kankan kò tíì gbà rí. Ní 1980, nígbà tí a na Algeria ní àmì ayò mẹ́ta sí òdo l'Ékòó, òun ló gbá méjì wọlé. Ernest Okonkwo, tí ń sọ̀rọ̀ bọ́ọ̀lù lórí rédíò, sọ ọ́ ní "Mathematical". Ó sì sọ Adokiye Amiesimaka, tó ń kọ́ ìmọ̀ òfin ní Yunifásítì Èkó, ní "Chief Justice". Inagijẹ méjèèjì ń rùn ìwé! Nígbà tí ẹsẹ̀ sinmi, Amiesimaka di Kọmíṣọ́nnà fún Ètò Ìdájọ́ ní Ìpínlẹ̀ Rivers. Ọdẹ́gbàmí di akọ̀ròyìn eré ìdárayá, ó sì dá ilé-ẹ̀kọ́ sílẹ̀ ní Wasinmi, níbi tí ìwé àti bọ́ọ̀lù ti jọ ń rìn. Ìtàn kì í dárúkọ àwọn tó ju ìwé nù, tí bọ́ọ̀lù sì kọ̀ wọ́n.

Èmi náà rí díẹ̀ nínú rẹ̀ nígbà tí mo lọ ṣe ìdánrawò ìkọ́ni ní Dogarawa, lójú ọ̀nà Kánò. Ọmọ tó wà ní kíláàsì mi lé ní àádọ́rin. Ọ̀sẹ̀ kìíní, mo pariwo títí ohùn mi fi há. Ní ọ̀sẹ̀ kejì mo rántí ohun tí balógun ẹgbẹ́ wa máa ń ṣe kí fèrè tó dún: yóò ti sọ iṣẹ́ oníkálukú fún un. Mo pín wọn sí ọ̀wọ́ mẹ́jọ, mo fi olórí jẹ ní ọ̀wọ́ kọ̀ọ̀kan. Kíláàsì kò dákẹ́ tán, ṣùgbọ́n a kàwé.

Ọ̀rẹ́ mi kan tí a jọ ń gbá bọ́ọ̀lù fẹ́ fi kọ́lẹ́ẹ̀jì sílẹ̀ báyìí, nítorí ẹnì kan ṣèlérí ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù fún un. Iṣẹ́ méjì péré ló kù kí ó gba ìwé-ẹ̀rí. A jókòó sí etí pápá títí ilẹ̀ fi ṣú, mo ń sọ ìtàn Ọdẹ́gbàmí fún un. Ó ní òun yóò lọ, ṣùgbọ́n òun yóò padà wá ṣe ìdánwò méjèèjì. Ìwé rẹ̀ ṣì wà lọ́dọ̀ mi, nínú àpótí tí mo ń kó aṣọ sí.