Oògùn Kì í Báni Wá Ọ̀rẹ́

Ẹ jẹ́ kí n pín díẹ̀ nínú ohun tí mò ń kà níbí.

Ní 1937, dókítà Charles Bradley rí i ní Amẹ́ríkà pé oògùn Benzedrine mú kí àwọn ọmọ tí ìwà wọn le fara balẹ̀ kàwé. Ó dáa. Ṣùgbọ́n oògùn kì í báni wá ọ̀rẹ́ o!

Ní 1980, William Pelham dá ètò ọlidé sílẹ̀ ní Florida State University fún àwọn ọmọ tí à ń pè ní ọlọ́mọ ADHD lónìí. Àárín ẹgbẹ́, lórí pápá, ni wọ́n ti ń kọ́ wọn níwà: ran ẹnì kejì lọ́wọ́, o gba máàkì, bú u, máàkì lọ sílẹ̀.

Irú ètò yìí wà nínú ìwádìí MTA tó jáde ní 1999, ọmọ 579. Ìwà ọ̀pọ̀ wọn sàn, síbẹ̀ wọn ò tíì gbayì lójú àwọn ọmọ kíláàsì wọn. Kí ló dé? Orúkọ burúkú kì í tètè kúrò lára.

Ìdí nìyẹn tí Amori Mikami àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi yíjú sí kíláàsì fúnra rẹ̀. Nínú ìwádìí wọn ti 2013, tíṣà ń yin ọmọ náà lójú gbogbo ẹgbẹ́, kò sì gbà kí wọ́n lé ẹnikẹ́ni kúrò nínú eré. Àwọn ọmọ náà rí ọ̀rẹ́ sí i.

Tí ọmọ yín bá wá ròyìn pé ẹnì kan ń ṣe bíi wèrè ní kíláàsì àwọn, ẹ má bá a rẹ́rìn-ín. Ẹ bi í: ṣé o ti pè é wá ṣeré rí?