Àfonífojì Bẹ́núé àti Èédú Enugu

Àfonífojì Bẹ́núé gùn ju 800 kìlómítà lọ, láti ìhà Odò Náíjà títí dé agbègbè Adágún Chad. Kì í ṣe odò ló gbẹ́ ẹ. Nígbà tí Áfíríkà àti Gúúsù Amẹ́ríkà ṣì jẹ́ ilẹ̀ kan ṣoṣo, àpáta gbígbóná tó wà lábẹ́ èèpo ayé ń rọra rìn, ó sì ń fa èèpo náà ya. Àwọn onímọ̀ gbà pé ọ̀nà mẹ́ta ni ó ya sí, ní nǹkan bí 120 mílíọ̀nù ọdún sẹ́yìn. Méjì là, wọ́n di Òkun Àtìláńtíìkì. Ẹ̀kẹta ni Bẹ́núé: ó rì, omi òkun wọ inú rẹ̀, ṣùgbọ́n kò là tán. Ká ní ó là tán ni, òkun ni ìbá wà láàárín Jos àti Ogoja.

Ní nǹkan bí 84 mílíọ̀nù ọdún sẹ́yìn, Áfíríkà yí ọ̀nà ìrìn rẹ̀ padà, ó kọrí sí Yúróòpù. Àfonífojì náà fún pọ̀, àwọn ipele àpáta inú rẹ̀ sì ká bí aṣọ. Ilẹ̀ ìhà ìwọ̀ oòrùn rẹ̀ wá rì; igbó àti àbàtà hù níbẹ̀, ẹrẹ̀ bò wọ́n mọ́lẹ̀, wọ́n sì di èédú.

Èédú yìí ni àwọn tí ìjọba amúnisìn rán wá ohun àlùmọ́nì rí ní ọdún 1909. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í wà á ní 1915. Ní 1916, ọkọ̀ ojú irin ti ń gbé e lọ sí Port Harcourt. Enugu gan-an, èédú ló bí i. Ní ọjọ́ 18 oṣù kọkànlá ọdún 1949, nígbà tí àwọn awakùsà ń jà fún owó iṣẹ́ wọn ní Iva Valley, ọlọ́pàá yìnbọn pa 21 nínú wọn. Ìbínú tó tẹ̀lé e mú ìjà òmìnira gbóná sí i káàkiri Nàìjíríà.

Epo rọ̀bì tó gba ipò èédú lẹ́yìn náà wà ní ẹnu àfonífojì kan náà, níbi tí Odò Náíjà ti ń da iyanrìn àti ẹrẹ̀ sínú òkun.