Ìlà Mẹ́rin Lẹ́bàá Odò Trinity

Aago 5:10. Òtútù oṣù Èrèlé mú ní ìlà-oòrùn Texas. Ọkùnrin kan bẹ̀rẹ̀ níwájú iná ọkọ̀ rẹ̀, ó ń wọ ẹ̀wù fún ajá. Irú òwú tí wọ́n fi ń hun ẹ̀wù ayẹta ọlọ́pàá ni wọ́n fi hun ún. Ó bo ọrùn, ó bo àyà, ó bo ìhà méjèèjì. Kò bo abíyá, torí ajá gbọ́dọ̀ rí ẹsẹ̀ nà. Ọkùnrin náà ti ìka méjì bọ abẹ́ ìdè rẹ̀. Ó tú u, ó tún un dè.

Aago 5:40. Ajá mẹ́rin ló wà lẹ́yìn ọkọ̀, ẹ̀rọ GPS wà lọ́rùn ìkọ̀ọ̀kan. Mẹ́ta jẹ́ pupa, ẹlẹ́nu dúdú. Tiwọn ni kí wọ́n wá ẹlẹ́dẹ̀ igbó rí, kí wọ́n yí i ká, kí wọ́n máa gbó mọ́ ọn títí yóò fi dúró sójú kan. Ìkẹrin ni búlúdọ́ọ̀gì, abo, funfun báláú. Òun kì í wá nǹkan, kì í sì í gbó. Bí wọ́n bá ti tú u sílẹ̀, etí ẹlẹ́dẹ̀ ló ń lọ dì mú, kò sì ní jù ú sílẹ̀ títí ọ̀bẹ yóò fi dé. Ìgbà tí yóò lọ kò sí lọ́wọ́ rẹ̀. Ọwọ́ ẹni tó di okùn rẹ̀ mú ló wà.

Aago 6:18. Wọ́n tú àwọn mẹ́ta sílẹ̀ létí àbàtà odò Trinity. Ẹlẹ́dẹ̀ ti hú ilẹ̀ ibẹ̀ lóru bí ẹni fi katakata kọ ọ́. Èyí kì í ṣe túùkú. Ẹlẹ́dẹ̀ ilé tí àwọn ará Sípéènì àti àwọn àgbẹ̀ tó dé lẹ́yìn wọn kó wá ló ya wọ igbó, tó ń bí sí i. Ní Texas nìkan, wọ́n ju mílíọ̀nù 2 lọ.

Aago 6:49. Ọ̀kan gbó. Lẹ́yìn náà, àwọn méjì yòókù. Ọmọkùnrin kan, ọmọ ẹ̀gbọ́n ọkùnrin náà, wo ojú ẹ̀rọ tó ń fi ibi tí àwọn ajá wà hàn: 500 mítà.

Aago 6:56. Ọmọkùnrin náà ní kí wọ́n tú funfun náà síwájú. Ọkùnrin náà kò dáhùn. Imú búlúdọ́ọ̀gì kúrú. Ooru tètè ń mú un, kódà nínú òtútù. Bó bá sáré láti òkèèrè, èémí rẹ̀ á ti tán kó tó fẹnu kan nǹkan.

Aago 7:06. Ó ku 80 mítà. Gbígbó náà ti dúró sójú kan, ó ń dún léraléra bí àáké lára igi. Gbogbo ara ajá funfun ń gbọ̀n. Itọ́ ń kán láti ẹnu rẹ̀ sórí bàtà ọkùnrin náà. Kò tíì tú u. Ó fẹ́ sún mọ́ ẹlẹ́dẹ̀ náà sí i, kí òun àti ajá lè jọ dé. Èmi ò mọ ohun tó nira ju ìdúró yìí lọ nínú gbogbo iṣẹ́ ọdẹ.

Aago 7:08. Gbígbó dákẹ́. Omi ń kán lára ewé. Ajá funfun gbé orí sókè. Ọmọkùnrin náà ti ki ẹ̀rọ bọ àpò, kí ó lè fi ọwọ́ méjèèjì la igbó.

Aago 7:10. Àtàǹpàkò ọkùnrin náà tẹ irin ìdè. Ajá lọ. Kò wẹ̀yìn.

Aago 7:12. Igbe ẹlẹ́dẹ̀. Ó jìnnà. Òdìkejì omi ló ti wá.

Aago 7:23. Omi mù wọ́n dé àyà kí wọ́n tó kọjá. Ajá funfun ṣì di etí náà mú, ó dijú. Àwọn mẹ́ta ń gbó yí i ká. Ọmọkùnrin náà fa ẹsẹ̀ ẹ̀yìn ẹlẹ́dẹ̀; ọ̀bẹ wọlé lẹ́yìn apá. Igi ni wọ́n fi la ẹnu ajá kó tó jù ú sílẹ̀. Ẹ̀wù rẹ̀ ya lójú mẹ́ta. Kò sí èyí tó dé inú.

Aago 8:35. Ajá funfun lá omi lẹ́ẹ̀mejì. Ó dùbúlẹ̀.

Aago 8:50. Ọkùnrin náà bọ́ ẹ̀wù náà, ó ń fọwọ́ wá inú irun rẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ní abíyá òsì, ó kan ihò kan tí kò ju èékánná ọmọńdinrín lọ. Kò ṣẹ̀jẹ̀. Ó gbé etí sí i. Afẹ́fẹ́ ń wọlé, ó ń jáde níbẹ̀. Ó fi náílọ́ọ̀nù dì í.

Aago 9:48. Ilẹ̀kùn dókítà ẹran padé mọ́ wọn. Wọ́n jókòó sínú ọkọ̀.

Aago 11:20. Dókítà jáde. Òun nìkan ló jáde. Ó mú ẹ̀rọ ọrùn náà lọ́wọ́, ó ti nù ún. Iná rẹ̀ ṣì ń ṣẹ́jú.

Aago 11:34. Ọmọkùnrin náà tan ojú ẹ̀rọ. Ìlà mẹ́rin ló wà níbẹ̀, ti ajá kọ̀ọ̀kan. Mẹ́ta lọ́ mọ́ra wọn sójú kan fún ìṣẹ́jú 12. Ní 7:08, mẹ́tẹ̀ẹ̀ta nà tààrà gba ọ̀nà omi. Ẹlẹ́dẹ̀ ti já mọ́ wọn lọ́wọ́. Àwọn ajá yẹn kì í gbó bí wọ́n bá ń lé e. Ìlà kẹrin bẹ̀rẹ̀ ní 7:10. Ó lọ síbi tí gbígbó ti dákẹ́, ó yí po lẹ́ẹ̀kan, ó wá tẹ̀lé àwọn yòókù sínú omi. Láti 7:12 títí di 7:23, kò kúrò lójú kan.

Ọkùnrin náà fi àtàǹpàkò bo 7:08. Ó gbé e kúrò. Ó tún fi bò ó.